Obìnrin Tó Yí Nọ́ńbà Ìyá Ọkọ Rẹ̀ Dorí Kodò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà nílé ọkọ, ara rẹ̀ sì le. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tì mí tó ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má bo ohunkóhun mọ́lẹ̀ àfi orúkọ. Ó ní ojú ti òun tó nídìí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹlòmíì tó bá ń gbèrò irú ẹ̀ tètè gbọ́, kó má baà jìn sí kòtò kan náà.

Ìyá Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọkùnrin ọdún mẹ́ta, ló ń jẹ́ Ọ̀gá, nítorí láti ìgbà tó ti mọ ìrìn ló ti ń káwọ́ sẹ́yìn rìn kiri inú ilé, bí ẹni tó wá yẹ iṣẹ́ àwọn lébìrà wò.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ni Ìyá Ọ̀gá ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ń pariwo débi pé ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Fóònù kì í wọbẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin lẹ́nu ọ̀nà ni kálukú ń tì í mọ́. Ọkọ rẹ̀ ní tiẹ̀, lífìtì ló ń tún ṣe. Bó bá ti wọ inú ihò tí lífìtì ń gbà lọ sókè sódò, ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ yóò dúró kó jáde.

Nígbà tí wọ́n wá rí obìnrin kan tí yóò máa bá wọn tọ́jú ọmọ, ọkàn wọn balẹ̀. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ilé ìkàwé ló ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, kì í gbóhùn sókè. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ní ọjọ́ kìíní, kó tó bọ́ bàtà, ó ti mú jígí ojú rẹ̀ jáde nínú báàgì.

"Ìyá Ọ̀gá, ẹ bá mi kọ nọ́ńbà àwọn tí mo lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Èmi kì í fi orí ara mi ṣe nǹkan. Ohun tó bá wà nínú ìwé ni mo máa ń ṣe."

Ìkíní, nọ́ńbà Ìyá Ọ̀gá. Ìkejì, ti ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń fá irùngbọ̀n, ó sì ké sí i láti ibẹ̀ pé, "Fi Màmá ṣe ìkẹta. Àbí ta ló tún kù?"

Òótọ́ ni, ta ló tún kù? Ìyá ọkọ rẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì àgbà ni, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé ló sì ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí bí ọmọ ṣe lè wúkọ́ tí kò ní mọ ohun tí ikọ́ náà ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ilé rẹ̀ ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni wàhálà ìyá náà. Bó bá dé, kì í lọ.

Olùtọ́jú tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ló pè é lọ́jọ́ kan pé Ọ̀gá sín lẹ́ẹ̀mejì. Màmá gbé báàgì dé, ó sì lo ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Ọ̀gá wá iyọ̀ títí nínú ilé ìdáná ara rẹ̀, kò rí i. Ní ọjọ́ karùn-ún, kọ́tìnì pálọ̀ ti di ti yàrá, ti yàrá ti di ti pálọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá àwọn àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti ká wọn jọ lórí bẹ́ẹ̀dì bí wọ́n ṣe tóbi sí, láti orí kékeré dé orí ńlá.

"Mo kàn ní kí n bá ọ tò wọ́n ni," ni Màmá wí. "Ìyàwó, díẹ̀ nínú wọn ti gbó o."

Ọ̀rọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀ yìí ló wà lọ́kàn Ìyá Ọ̀gá nígbà tó jókòó ti tábìlì, tó ń kọ nọ́ńbà ìyá ọkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ tán. Mẹ́fà ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà. Ó tẹjú mọ́ mẹ́fà yẹn.

Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé mẹ́fà tí a bá yí dorí kodò, ṣebí mẹ́sàn-án ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ta ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó mu omi. Ó padà wá jókòó.

Ṣé kò sí nọ́ńbà tòun àti ti ọkọ òun lórí ìwé ni? Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó jókòó sínú ilé? Ọwọ́ ta ni kì í ṣìṣe? Bó bá sì di ọ̀rọ̀ lọ́la, òun á ní àṣìṣe ni.

Bẹ́ẹ̀ ló ya ìwé àkọ́kọ́ sí wẹ́wẹ́, ó mú òmíì, ó sì kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, dáadáa, pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́. Mẹ́sàn-án ló fi parí rẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ọkọ rẹ̀ jáde, ó wò ó fìrí, ó ní ó dáa. Ta ló ń ka nọ́ńbà ìyá ẹ̀ lórí ìwé?

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àlàáfíà ni. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Bí Ìyá Ọ̀gá bá ti ibi iṣẹ́ dé, Àǹtí Jẹ́jẹ́ á ròyìn fún un.

"Ọ̀gá kọ oúnjẹ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n Bàbá ní kí n fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó sì jẹ ẹ́."

Ìyá Ọ̀gá rò pé bàbá tó bí Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Ẹ bá mi kí Bàbá."

Lọ́jọ́ mìíràn, ó tún ní, "Ó ṣubú lórí àga, orókùn ẹ̀ bó díẹ̀. Bàbá ní kí n fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí n má sì pariwo, pé ariwo ló ń dùn wọ́n ju egbò lọ."

"Bàbá yín mà gbọ́n o."

Àǹtí Jẹ́jẹ́ wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rú lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń jiyàn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní, "Ìyá Ọ̀gá, kì í ṣe pé mo fẹ́ dá sí i o. Bàbá ń béèrè yín. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti pe àwọn."

Ìyá Ọ̀gá rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú. Ó ní ara àgbà náà ni, wọ́n á máa wá ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó ń gún un lọ́kàn ni ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá lọ kí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó, olùtọ́jú yín ò pè mí rí. Ṣé kò sí nǹkan ni?"

"Kò sí nǹkan, Màmá. Ọmọ ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

"A dúpẹ́. Ìgbáròkó mi ni mo ń so fóònù mọ́ báyìí tí mo bá ń fọ abọ́, kó má baà jẹ́ pé ó dún, mi ò gbọ́."

Ìyá Ọ̀gá á wá yára béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọjọ́rú kan ni àṣírí tú. Ó ń ki aṣọ bẹ́ẹ̀dì sínú ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́ ni obìnrin tó ń darí wọn fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, tó sì fi àtàńpàkò àti ìka kékeré ṣe bíi fóònù sétí. Wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì.

Ọkọ rẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ ò rí bó ṣe máa ń rí.

"Fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọmọ ti ti ara ẹ̀ mọ́ balùwẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú, ó sì ti ṣí omi sílẹ̀."

"Àtìgbà wo?"

"Ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ihò ni, mo bá ìpè mẹ́rìnlá lórí fóònù mi. Mo pe Àǹtí Jẹ́jẹ́ padà, mo ní ṣé wọ́n ti pe Màmá. Wọ́n ní àwọn ti pe Bàbá."

"Bàbá wo?"

"Ohun tí mo bi wọ́n nìyẹn. Wọ́n ní bàbá mi."

Bàbá ọkọ Ìyá Ọ̀gá ti kú lọ́dún méjìlá sẹ́yìn.

"Wọ́n ní bàbá mi ti wọ ọkọ̀, pé ó ń bọ̀," ni ọkọ rẹ̀ ń bá a lọ. "Wọ́n ní ojoojúmọ́ làwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó ní kí àwọn má mikàn, pé òun ń gẹ irun ẹnì kan lọ́wọ́ ni."

"Irun kẹ̀?"

"Irun. Bàbá mi ò gẹ irun ẹnikẹ́ni rí láyé. Àbí ibi tó lọ ló ti kọ́ ọ?" Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti wà lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ yà gbé Màmá. Ìwọ náà máa bọ̀."

Ọkọ rẹ̀ ò mọ ẹni tó ń bọ̀ nílé wọn, ṣùgbọ́n ó ti yé Ìyá Ọ̀gá. Ẹni tó ni mẹ́sàn-án ló ń bọ̀.

Kò bọ́ épírọ́ọ̀nù. Ó sáré jáde, ó wọ ọkọ̀. Títí wọ́n fi dé ilé, ó ń bẹ Ọlọ́run fún nǹkan méjì, pé kí ọmọ yè, àti pé kí òun náà yè. Ó ní òun ò purọ́, pé nígbà tó yá, ìkejì yẹn ń fẹ́ gba iwájú ìkíní.

Ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Omi ti jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó ti rẹ rọ́ọ̀gì ọ̀nà àárín ilé. Bàbá arúgbó kan lóṣòó síbẹ̀, ó ń fi irin kékeré tó fi ń tú ẹ̀rọ ìgẹrun yọ ìdè kọ́kọ́rọ́ náà, kò sì gbà fún un. Ọkùnrin sísanra kan dúró tì í tòun taṣọ ìgẹrun lọ́rùn. Apá òsì orí rẹ̀ dán borogodo, apá ọ̀tún kún fún irun.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ dúró ti ògiri, ó di ìwé nọ́ńbà náà mú láyà. "Ìyá Ọ̀gá, mo tẹ̀lé ìwé," ló wí. "Mo pè yín, mo pe bàbá ọmọ, mo pe ìkẹta."

"Ọ̀gá," ni Ìyá Ọ̀gá ké, ó sì lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn. "Ọ̀gá, mọ́mì ti dé."

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní nínú ayé òun, òun ò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó le bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni ọmọ sín.

Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá wọlé, ọmọkùnrin rẹ̀ lẹ́yìn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kò béèrè ẹni tí bàbá tó lóṣòó jẹ́, kò wo orí ọkùnrin sísanra náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó sì gbé ẹnu sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, Ìyá àgbà ni. Mo gbọ́ pé kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ yín."

Ohùn kékeré kan dáhùn láti inú. "Ó wà lára ilẹ̀kùn."

"Àwọn kan níbí ń sọ pé kò lè jáde lára ilẹ̀kùn. Èmi ní Ọ̀gá lè fà á yọ."

Wọ́n gbọ́ ìró irin. "Mo ti yọ ọ́."

"Wọ́n tún ní kò lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde láé."

Kò pẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ fi yọ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ìka kékeré mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú méjì.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, Ọ̀gá káwọ́ sẹ́yìn nínú omi tó ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tutù rinrin, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Omi yìí ti pọ̀ jù," ló wí.

Màmá bọ́ aṣọ ọrùn ọmọ, ó fi tówẹ̀lì wé e, ó wo èékánná rẹ̀, ó gbé etí lé e láyà. Ó ní òtútù lásán ni, yóò lọ. Ìgbà náà ló tó gbójú sókè.

"Wákàtí kan," ló wí. "Ọmọ wà nínú omi tútù fún wákàtí kan, èmi sì wà nílé. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò pè mí?"

Bàbá arúgbó náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní agẹrun lòun, ó ti pẹ́ tí òun ti ń lo nọ́ńbà òun. "Ọmọ mẹ́jọ ni mo bí, ọmọ ọmọ mẹ́rìndínlógún. Ìyàwó mi ti lọ kí ọ̀kan nínú wọn láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí obìnrin yìí pè, tó béèrè Ìyá àgbà, mo ní ó rin ìrìnàjò. Ó ní ọmọ ọmọ mi ò jẹun. Ojú tì mí láti béèrè pé èwo nínú wọn ni. Mo ní kó fún un lọ́gẹ̀dẹ̀."

"Lónìí ńkọ́?" ni ọkọ Ìyá Ọ̀gá bi í.

"Lónìí ni mo gba àdírẹ́sì, ni mo rí i pé mi ò mọ ojúlé yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ ń sunkún létí mi. Ọmọ tó ń sunkún, ṣé wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi í pé ta ló bí i ni?"

"Èmi ò sì lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú orí báyìí," ni ọkùnrin sísanra wí. "Ni mo bá tẹ̀ lé wọn."

Ọkọ Ìyá Ọ̀gá yíjú sí Àǹtí Jẹ́jẹ́. Inú ti ń bí i. "Ẹ̀yin lẹ ṣi nọ́ńbà tẹ̀ nìyẹn. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ fi ń pe ẹni tí a ò mọ̀ rí sọ́rọ̀ ọmọ mi. Àǹtí, ó jọ pé iṣẹ́ yìí ti ju agbára yín lọ."

Omi lé sójú obìnrin náà. Ẹni tó to ìwé fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n láì ṣi ọ̀kan tò. Kò jiyàn. Ó kàn na ìwé náà síwájú.

Màmá gbà á, ó fi jígí sójú, ó kà á. Ó tún un kà. "Kò ṣi nǹkan kan tẹ̀. Mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ síbí. Mẹ́fà ni tèmi."

"Ó ṣì í kọ nìyẹn," ni ọkọ Ìyá Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìkánjú wà níbẹ̀."

Ẹ ò rí nǹkan. Àwáwí tí Ìyá Ọ̀gá ti ṣètò sílẹ̀ láti ọjọ́ tó kọ ọ́, ọkọ rẹ̀ ló tún bá a sọ ọ́ jáde. Kò ku ohun tó fẹ́ ṣe ju kó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni lọ. Ó ti ṣe é dé ìdajì. Ló bá rí Àǹtí Jẹ́jẹ́ tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"N ò ṣì í kọ," ló wí. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ yí i ni. Mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ, mo ya á, mo tún òmíì kọ."

Ọkùnrin tí wọ́n gẹ irun rẹ̀ dé ìdajì wo òrùlé, ó wo ilẹ̀. "Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Nítorí kí ni?" ni Màmá bi Ìyá Ọ̀gá.

Ṣé àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni Ìyá Ọ̀gá yóò dárúkọ lójú agẹrun ni? Màmá dúró díẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún Àǹtí Jẹ́jẹ́, ó ní kí wọ́n fún ọmọ ní tíì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó mú báàgì rẹ̀, ó sì jáde.

Ìyá tí kì í lọ, ó lọ.

Ọkọ rẹ̀ bẹ Àǹtí Jẹ́jẹ́ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ní ti ìyàwó rẹ̀, gbólóhùn kan ni ọkọ sọ fún un. "Ọmọ mi gbọ̀n lẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí mẹ́fà." Ìyá Ọ̀gá ní ká ní ó bú òun, ì bá sàn.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá gbà á lálejò, ó gbé ìjókòó fún un, ó sì bá a sọ̀rọ̀ òjò títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún lọ. Ọ̀rọ̀ òjò náà ni. Lọ́jọ́ kẹrin, kó tó jókòó, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ òjò. Ohun tí mo ṣe ò dáa. Ìwà òmùgọ̀ mi ló fi ọmọ sínú ewu, mo sì fi yín ṣe ẹni tí a ò nílò. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí nídìí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá dé, ẹ kì í lọ. Ẹ ká àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi jọ, Màmá. Ẹ tò wọ́n."

Ìyá àgbà wò ó pẹ́. Ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ìyá Ọ̀gá rò pé ẹkún ni, àfi bí ẹ̀rín ṣe sọ.

"Mo tò wọ́n lóòótọ́," ni Màmá wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Mo ti parí iṣẹ́ inú ilé yín lọ́jọ́ kẹta. Mi ò kàn fẹ́ padà síbí ni, níbi tí èmi nìkan ti ń fọ abọ́ kan, ṣíbí kan. Ni mo bá ń wá nǹkan tò." Ó fọwọ́ fà á dìde. "Kí ló dé tó ò sọ pé kí n máa lọ?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ irú ẹ̀ fún yín?"

"Fi ẹnu sọ ọ́. Sọ pé, 'Màmá, ó tó.' Ó lè dùn mí. Ìyẹn ò ní pa mí."

Àwọn méjèèjì ló jọ kọ ìwé tuntun. Ìkẹta padà di mẹ́fà. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní kí wọ́n fi agẹrun ṣe ìkẹrin, pé ìmọ̀ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dára. Wọ́n sì fi í sí i.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ara Ọ̀gá gbóná. Àǹtí Jẹ́jẹ́ pè, Màmá sì dé kí ìpè tó tutù. Lọ́jọ́ kejì, ara ọmọ ti balẹ̀, ó ti ń káwọ́ sẹ́yìn kiri. Alẹ́ ọjọ́ náà, Màmá gbé ẹsẹ̀ lé àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ohun tí wọ́n máa jẹ lọ́la àti lọ́tùn-únla.

Ọkọ Ìyá Ọ̀gá rọra dìde, ó wọ yàrá, kò fẹ́ wà níbẹ̀.

"Màmá," ni Ìyá Ọ̀gá wí, "ó tó."

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí wọ bàtà rẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì na ọwọ́ kan kí Ìyá Ọ̀gá bá òun di apá òun mú sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ó dára," ló wí bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. "Sìn mí dé ilé."

Wọ́n rìn ín pọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà, wọn ò sì kánjú.